Ìwé Owó Kì í Gbàgbé

Àwọn àgbà wa ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Ní ọ́fíìsì kékeré tí a ní níhìn-ín ní Prince George's County, ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu wa láti Oṣù Kejì títí di ìdajì Oṣù Kẹrin, nígbà tí àwọn èèyàn wa bá ń kó ìwé owó orí wọn wá. Nọ́ọ̀sì ń wọlé, awakọ̀ ń jáde, ìyá tó ń se oúnjẹ òde jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kó kàn án.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò kan kó gbogbo bébà rẹ̀ kalẹ̀ níwájú wa. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tó kù yẹn, ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n ń san án fún mi. Kò sí nínú ìwé kankan. Ta ni yóò mọ̀?” A bi í bóyá ó ti gbọ́ orúkọ Spiro Agnew rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ṣé ará Delta ni?” Ẹ̀rín pa wá. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a sọ fún un fún yín.

Agnew kì í ṣe ará Delta. Ará Maryland wa níhìn-ín ni, Baltimore ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1918. Ilẹ̀ Gíríìsì ni bàbá rẹ̀ ti ṣí wá sí Amẹ́ríkà, ó sì ní ilé oúnjẹ. Ọmọ àlejò ni Agnew, bí àwọn ọmọ tí àwa náà ń tọ́ níhìn-ín. Lọ́dún 1962 wọ́n dìbò yàn án ṣe olórí Baltimore County. Lọ́dún 1966 wọ́n yàn án ṣe gómìnà. Nígbà tó di Oṣù Kìíní 1969, ó di igbákejì Ààrẹ Nixon. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í kúrò lórí pé kí olúkúlùkù pa òfin mọ́.

Lábẹ́ aṣọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹnjiníà tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ń yọ nínú owó iṣẹ́ náà fún un. Inú àpò ìwé ni wọ́n ń dì í sí. Nígbà tó di igbákejì Ààrẹ, wọn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń gbé e lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Washington. Kò sí rìsíìtì, kò sí sọ̀wédowó. Ta ni yóò mọ̀?

Àwa oníṣirò owó mọ ìdáhùn rẹ̀. Owó kì í rìn kó má fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fún èèyàn ní rìbá gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà mú un jáde nínú ìwé ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Lester Matz, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà náà, a máa san àfikún owó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé; wọn a yọ owó orí kúrò, wọn a dá ìyókù padà fún un. Jerome Wolff, tó jẹ́ alága àjọ ojú ọ̀nà Maryland, a máa kọ bí nǹkan ṣe ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí George Beall, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní Baltimore, àti àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tó ń bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé wò, Dale Anderson tó ń ṣe olórí Baltimore County nígbà náà ni wọ́n ń wá. Agnew ni wọ́n bá nídìí ọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni Beall àti Agnew. Ẹ̀gbọ́n Beall gan-an ni sẹ́nétọ̀ Maryland lábẹ́ ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn kí àbúrò lè fọwọ́ wọ́nú. Àbúrò kò yà kúrò lójú ọ̀nà.

Agnew ní irọ́ pátápátá ni. Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án 1973, ó ṣì ń sọ níwájú èrò pé òun kò ní kúrò. Ní ọjọ́ kẹwàá Oṣù Kẹwàá, ó dúró ní ilé ẹjọ́ ní Baltimore, ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kò jiyàn sí ẹ̀sùn pé òun kò san owó orí lórí 29,500 dọ́là lọ́dún 1967. Adájọ́ bu 10,000 dọ́là fún un, ó sì fún un ní ọdún mẹ́ta láti fi máa ṣọ́ ìwà rẹ̀ hù. Kò dé ẹ̀wọ̀n. Gerald Ford ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò tó ọdún kan, ọ̀rọ̀ Watergate lé Nixon náà kúrò, Ford sì di Ààrẹ. Bí wọn kò bá tú ìwé àwọn ẹnjiníà wò ni, Agnew ni ì bá jókòó sórí àga náà.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìtàn àtijọ́. Ní Oṣù Kọkànlá 2010, wọ́n mú Jack Johnson, olórí káúńtì tiwa yìí. Wọ́n gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó da sọ̀wédowó 100,000 dọ́là sínú ṣáláńgá ilé, kó sì kó owó sínú aṣọ abẹ́. 79,600 dọ́là ni wọ́n bá lára obìnrin náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ó lé oṣù mẹ́ta ni ọkọ gbà.

Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, àbúrò wa rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀. Gbogbo owó ọwọ́ tó gbà lọ́dún náà ló kọ síbẹ̀, ọjọ́ àti iye! A ṣírò rẹ̀ mọ́ ti ìyókù. Ó dúpẹ́, ó lọ. Àwa la jókòó tí ojú ń tì wá.

Ìdí ni pé àwa náà ti fọwọ́ sí irọ́. Nínú ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe èyí tó ń tẹ ìwé yìí, àwa ni a ń yẹ ìwé owó wò. A dá owó fún opó ọ̀kan nínú wa, 1,840 dọ́là kò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Bàbá tó ń darí wa ní kí a kọ ọ́ sí owó àlejò. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, fọwọ́ sí i, ilé la ó ti parí ẹ̀.” Àwọn ni wọ́n wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. A fọwọ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìtàn Agnew yẹn, a lọ sílé wọn, a dọ̀bálẹ̀, a ní a máa tún ìwé náà kọ. Wọn kò dá wa lóhùn. Nígbà tí ìpàdé pé, a dìde, a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. A ní àwa fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe òtítọ́, kí ẹgbẹ́ dárí jì wá. Ilé pa rọ́rọ́. Ìgbà mẹ́ta ni bàbá fi dá owó náà padà, opó sì gbà á pé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bàbá kò yà sílé wa mọ́, àwọn ọmọ wa sì ń béèrè wọn. Ó ń dùn wá títí di òní.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ìròyìn ilé bá dé pé olórí kan jìbìtì, gbogbo wa la ń pariwo. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ń ṣe akápò, kó kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó ń yẹ̀wé wò, kó kọ̀ bó bá yẹ kó kọ̀, ìbáà jẹ́ bàbá ẹni ló bẹ̀ ẹ́.