Èèwọ̀ Ara Ajá

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Nàìjíríà, bí ajá bá ti ń họra títí irun rẹ̀ fi ń re, orúkọ kan ṣoṣo ni a máa ń pe àìsàn náà: kúrúnà. Orúkọ yìí ni í sì í yan ìtọ́jú fún un. Wọn a da ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú kúrò nínú ọkọ̀ sí i lára. Ajá a lá a. Májèlé ni.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá tí mo sìn. Ní ọdún kẹta tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín ya ìdí ìrù ara rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní kúrúnà ni. Dókítà ẹranko fi abẹ ha awọ rẹ̀ díẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, kò rí kòkòrò kúrúnà. Ó wá fi kóòmù eléyín wínníwínní ya irun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú já bọ́ sórí bébà funfun. Nígbà tí omi kán sí i, ó di pupa. Ẹ̀jẹ̀ ajá ni, tí àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ń fò nínú irun mu tí wọ́n sì yà nígbẹ̀ẹ́. Itọ́ wọn ni ara Tanímọ̀la kọ̀.

Èyí ni mo ń pè ní èèwọ̀ ara. Ohun tí ilé kan ń jẹ, èèwọ̀ ni nílé kejì. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kan náà lè bu ajá méjì jẹ, kí ọ̀kan máa sùn, kí èkejì máa họra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kúrúnà a máa ran ajá mìíràn, a sì máa ran ènìyàn. Èèwọ̀ ara kì í ràn.

Ojú ibi tí ajá ń họ a máa tọ́nà. Bí ó bá jẹ́ ìdí ìrù àti itan ẹ̀yìn, itọ́ kòkòrò ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀, etí, abíyá àti ikùn, ó lè jẹ́ eruku tàbí oúnjẹ. Láti mọ̀ bóyá oúnjẹ ni, a óò fún un ní èyí tí kò jẹ rí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí a tó dá ti àtẹ̀yìnwá padà.

Oògùn kòkòrò ni Tanímọ̀la ń lò lóṣooṣù. Ológbò ilé náà gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé oògùn ajá mìíràn a máa pa ológbò. Oògùn tí ń dá yíyún dúró wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n dókítà ni í díwọ̀n rẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wọ́n mọ̀ pé àrùn awọ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè fún àwọn ọmọ wa ní ju orúkọ kan lọ fún ara tí ń yún.