Ìwé Orúkọ Àwọn Oníbàárà Mi

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, "Òkun o" ni à ń kí ara wa, ìkíni yìí náà ni àwọn ènìyàn sì fi sọ wá ní Òkun. Aṣọ òfì ni mo ń tà ní Ayewa, ní agbègbè Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ìyá mi ni ó ń hun ún. Èmi ni mò ń wá ẹni tí yóò rà á. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bí oníṣòwò kékeré ṣe lè kó àdírẹ́sì ímeèlì àwọn oníbàárà rẹ̀ jọ láìba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Òkun mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò sí nílé. Wọ́n wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Ìgbà Kérésìmesì àti ìgbà ìsìnkú àgbà ni wọ́n sábà ń wálé. Wọn a ra aṣọ, wọn a yìn ín, wọn a sì wọkọ̀ padà. Lẹ́yìn náà, òfì ìyá mi a dákẹ́ fún oṣù púpọ̀, nítorí pé kò sí owó òwú. Aṣọ dára, ẹni tí ó fẹ́ ẹ sì wà, ṣùgbọ́n a kò ní ọ̀nà tí a ó fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kó lọ sí òkè òkun a máa pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà pààrọ̀ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ra ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Bí oníbàárà bá ti sanwó tán, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi í: "Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa kọ̀wé sí yín bí aṣọ tuntun bá jáde? Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún ni ẹ fẹ́?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fi bírò lé e lọ́wọ́ kí ó fúnra rẹ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó kà á sí i létí, nítorí bí àmì kékeré kan bá yẹ̀, lẹ́tà náà kò ní dé. Mo tún kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì ní òun kò fẹ́, mo dúpẹ́, mo di aṣọ rẹ̀ fún un tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ní Kérésìmesì àkọ́kọ́, orúkọ 19 ni mo rí, ní èkejì, wọ́n di 64.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan wá bá mi pé òun ní àdírẹ́sì 10,000 tí òun fẹ́ tà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó máa ń bá mi tẹ kọ̀ǹpútà, ní: "Àǹtí mi, bí 100 péré bá rà nínú wọn, ṣé òfì Màmá yóò tún dákẹ́ mọ́?" N kò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, nítorí owó òwú ti tán pátápátá ní oṣù náà. Ṣùgbọ́n mo bi í pé: "Ta ni ó mọ̀ wá nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yìí? Ta ni ó ní kí a wá kí òun?" Kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, tí ó fi àmì @ sí àárín orúkọ ènìyàn àti orúkọ kọ̀ǹpútà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, òǹtajà kan tí ń jẹ́ Gary Thuerk fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn tí kò béèrè fún un. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn gidigidi. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà àìbéèrè ti ń yọ ayé lẹ́nu.

Ní Nàìjíríà wa, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti ọdún 2023 sọ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ó sì fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìpolówó tí a ń fi ránṣẹ́ sí i. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google náà ti ń béèrè pé kí ẹni tí ń kọ̀wé sí àwọn oníGmail má ṣe jẹ́ kí ẹjọ́ tí wọn yóò máa rò nípa lẹ́tà rẹ̀ tó mẹ́ta nínú 1,000. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpótí pàǹtírí ni lẹ́tà rẹ̀ yóò máa bọ́ sí. Ṣé ẹ rí i? Bí mo bá ra 10,000 àjèjì, àwọn 64 tí wọ́n fẹ́ràn wa pàápàá lè má rí lẹ́tà mi mọ́. N kò ra á.

Àwọn 64 náà ni mo kọ̀wé sí. Mo fi àwòrán aṣọ tí ó wà lórí òfì ránṣẹ́, mo sọ iye owó rẹ̀ àti owó ọkọ̀, mo sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ mọ́ kàn lè dáhùn pé "Ó tó," n ó yọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo àdírẹ́sì sí àyè tí a ń pè ní Bcc, kí oníbàárà kan má bàa rí ti ẹlòmíràn. Ènìyàn 14 dáhùn, mẹ́fà ra aṣọ, méjì nínú wọn sì sanwó sílẹ̀ kí ìyá mi tó ta òwú. Òfì tún bẹ̀rẹ̀ sí dún.

Lẹ́tà kan dé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin oníbàárà wa kan ni ó kọ ọ́: "Bàbá wa ti sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ orúkọ wọn. Wọ́n máa ń ka lẹ́tà yín sí wa létí." Mo fa ilà sí orúkọ bàbá náà, mo kọ̀wé ìbánikẹ́dùn sí ọmọ náà, n kò sì sọ̀rọ̀ aṣọ níbẹ̀ rárá. N kò fi àdírẹ́sì tirẹ̀ rọ́pò ti bàbá rẹ̀, nítorí ìyọ̀ǹda kì í ṣe ogún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀wé pé kí n fi orúkọ òun sí i.

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ṣòwò, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ má ta orúkọ oníbàárà, ẹ má sì ra á. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́ fún un.