Àga Oníná àti Àwọn Tó Ń Tún Un Ṣe

Ibi tí àwọn tó ń lo àga oníná, ìyẹn àga onítáyà tí iná ń gbé rìn, á ti máa ṣáàjì fóònù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Fóònù yẹn ni ẹni tó jókòó sórí àga oníná fi ń ké sí ará ilé bí táyà bá há sínú gọ́tà, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì rárá. Bátìrì méjì oní-fóòtì 12 ló wà lábẹ́ àga, tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n lè di 24. Pátákó kékeré tó ń sọ 24 di 5 wà ní ọjà Alábà ní Èkó, kò sì wọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé wọ́n ń fa wáyà láti ara bátìrì kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń fà á máa gbẹ ju èkejì lọ, ṣájà kò sì ní mọ̀ pé wọn ò dọ́gba mọ́, títí méjèèjì á fi kú láìtọ́jọ́. Ara méjèèjì pọ̀ ni kí ẹ ti fà á, kí fíúsì sì wà níbẹ̀.

*

George Klein, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Kánádà, ló ṣe àga oníná fún àwọn sójà tí Ogun Àgbáyé Kejì sọ di aláìlè-rìn. Ilé-iṣẹ́ Everest & Jennings bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà lọ́pọ̀ ní 1956. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yí padà títí dòní: táyà ọ̀tún ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tòsì ní tirẹ̀. Bí tọ̀tún bá yára ju tòsì lọ, àga yà sósì. Ọmọ iléèwé tó bá ti fi Arduino ṣe mọ́tò ìṣeré oní-táyà-méjì ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì tó kù ni pé ènìyàn ló jókòó sórí èyí.

*

Búréèkì àga oníná yàtọ̀ sí ti ọkọ̀. Sípíríǹgì ló dì í mú nígbà gbogbo. Òòfà oníná ló ń fà á kúrò kí táyà tó lè yí. Bí iná bá lọ lójijì, ṣe ni àga dúró gbagidi, kódà lórí òkè. Ẹni tó bá yọ àpótí ìdarí tó bá àga wá, tó sì fi tirẹ̀ sí i, gbọ́dọ̀ ṣètò búréèkì yìí kó tó ro nǹkan mìíràn. Mo ti rí ẹni tó so ó mọ́ iná tààrà kó má baà máa dí i lọ́wọ́. Iná wà, búréèkì ò sí: àga tó rí bẹ́ẹ̀ ò yẹ kí ọmọ ènìyàn jókòó lé.

*

Ọ̀pá ìdarí ń fi fóòtì sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, 2.5 túmọ̀ sí pé ọwọ́ kò tì í síbì kan. Ó ń gòkè tàbí kó wálẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe tì í. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ bí wáyà bá já? Ó lè di 0, ó sì lè di 5. Ètò kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́n á gbà pé ẹni tó jókòó ní kí òun sáré tete. Nítorí náà, wọn kì í jẹ́ kí ọ̀pá dé 0 tàbí 5 rárá nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. Iye tó bá kọjá ààlà ti di àṣìṣe, àga sì gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ fi ọwọ́ ara yín já wáyà náà nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn.

*

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn ń lo àga tòkunbọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a tún un ṣe ń sọ bí òun ṣe máa mú kó yára sí i.

"Ọmọ mi, ta ni mo fẹ́ lé? Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni kó o bá mi wò. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ọ̀pá yìí báyìí, ògiri ló ń fò mọ́."

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ n dín in kù, kẹ́ ẹ tún tì í wò."

Wọ́n jọ ṣe é títí ó fi rọ̀. Ọwọ́ màmá máa ń gbọ̀n, ètò náà kò wá ka gbígbọ̀n kékeré sí mọ́. Ó dìgbà tí wọ́n bá ti ọ̀pá jìnnà kó tó yára. Ìlà mélòó kan nínú ètò kọ̀ǹpútà ni. Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn ni pé màmá ló yan iye tí ètò náà ń lò, nítorí òun ló mọ ilé ara rẹ̀.

*

Nínú ọ̀pọ̀ àga, a kì í lè yí irú iye bẹ́ẹ̀ padà láìsí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin ní 2022, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2023, pé kí àwọn tó ń ṣe àga oníná fún àwọn tó ni wọ́n àti àwọn alátùn-únṣe ní ẹ̀yà, irinṣẹ́, ìwé ìtọ́sọ́nà àti ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n nílò. Mo fẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Àga tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Èkó kò gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání, ẹni tó tà á sì wà lókè òkun. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń yọ gbogbo àpótí ìdarí dànù.

*

Bátìrì lithium fúyẹ́ ju olójé lọ dáadáa, ìyẹn sì wu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwúwo bátìrì wà lára ohun tó ń mú àga dúró ṣinṣin. Bí a bá mú un kúrò, kí ẹ tún wò ó bóyá àga á ṣí iwájú sókè nígbà tó bá ń gun òkè.

Òmíràn wà. Bí àga bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ táyà ń di jẹnẹrétọ̀, ó ń dá iná padà sínú bátìrì, ohun tó sì ń fà á sẹ́yìn nìyẹn. Bí bátìrì lithium bá ti kún dẹ́nu, pátákó tó ń ṣọ́ ọ lè já iná náà; fóòtì á ga lójijì, àpótí ìdarí lè jóná lórí ìsọ̀kalẹ̀. Ní ìlú olókè bí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè má ṣe ṣáàjì dé góńgó kó tó jáde.

*

Ìdánwò àkọ́kọ́: ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé àga sókè kí táyà máa yí lófuurufú. Ẹ so bọ́tìnnì kan tó ń já gbogbo iná mọ́ ibi tí ọwọ́ ẹni tó máa jókòó lè dé, kì í ṣe ibi tó rọrùn fún ẹni tó ń tún un ṣe. Tí ọwọ́ kò bá lágbára, orí tàbí ìgúnpá náà lè tẹ̀ ẹ́.