Eégbọn Ilẹ̀ Òkèèrè àti Ara Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ wà ní ilẹ̀ àjèjì, iṣẹ́ ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré níbikíbi, pàápàá ní ilẹ̀ tí kò sí ìyá àgbà nínú ilé tí yóò bá ni wẹ ọmọ, tí kò sì sí aládùúgbò tí yóò pe ni pé, "Ìyá Báyọ̀, ẹ wá wo ohun tí ó wà lọ́rùn ọmọ yín." Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí ara ọmọ gan-an, àti ohun kékeré kan tí ó lè so mọ́ ọn láìjẹ́ pé ọmọ mọ̀, láìjẹ́ pé òbí mọ̀. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Eégbọn ni mo ń sọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ eégbọn nínú wa? Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ àwa ọmọdé ilé ni láti máa já eégbọn lára ajá ọdẹ bàbá wa, kí a sì máa jù wọ́n sínú agolo tí a bu karosíìnì sí. Eégbọn tí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó a máa tó hóró ẹ̀wà kan. Kò sí bí ojú ṣe lè fò ó. Ohun tí ó ń da ajá àti màlúù láàmú ni a kà á sí, ẹnikẹ́ni kì í sì í bẹ̀rù rẹ̀ nítorí ọmọ ènìyàn.

Ìmọ̀ yìí gan-an ni ó ń tàn wá jẹ níhìn-ín. Eégbọn tí ó ń kó àrùn ran ènìyàn ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àti ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Wisconsin àti Minnesota, kéré débi pé nígbà tí kò tíì dàgbà tán, kò tó hóró yànmọ̀tí kan. Ìgbà tí ó kéré báyìí ni ó sì léwu jù, láàrin oṣù karùn-ún sí oṣù keje, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń fi ṣòkòtò péńpé sáré kiri nínú koríko. Èyí tí ó ti dàgbà náà ń buni jẹ nígbà ìrúwé àti nígbà tí ewé bá ń wọ́.

Àrùn tí ó ń kó ni a ń pè ní àrùn Lyme. Orúkọ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut ni Lyme, ó sì yẹ kí gbogbo òbí mọ bí orúkọ ìlú ṣe di orúkọ àrùn, nítorí pé àwọn ìyá ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1975, àwọn ìyá méjì ní agbègbè náà ṣàkíyèsí pé orúnkún ọ̀pọ̀ ọmọdé ń wú. Àwọn dókítà ní làkúrègbé ọmọdé ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, Polly Murray, kò gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àìsàn ti ń bá òun àti ẹbí rẹ̀ fínra fún ọdún pípẹ́, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Òun àti ìyá kejì, kálukú lọ́tọ̀, fi ọ̀rọ̀ náà tó ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ wọn létí. Bí Dókítà Allen Steere ti Yunifásítì Yale ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nìyẹn. Ní ọdún 1977, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nípa ènìyàn 51 ní ìlú mẹ́ta: ọmọdé 39, àgbàlagbà 12. Ní ọdún 1982 ni Willy Burgdorfer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kéde kòkòrò àrùn tí wọ́n rí nínú eégbọn, a sì fi orúkọ rẹ̀ sọ kòkòrò náà ní Borrelia burgdorferi. Ẹ ò rí i pé bí àwọn ìyá wọ̀nyẹn bá ti dákẹ́ ni, ìwádìí náà ìbá pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àrùn náà kì í ṣe ti àwọn òyìnbó tí ń gun òkè nìkan. Àjọ CDC ti ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò pé láàrin ọdún 2010 sí 2018, nǹkan bí 476,000 ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú fún un lọ́dọọdún, àwọn ọmọdé tí ó wà láàrin ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án sì wà lára àwọn tí ó ń mú jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, irú eégbọn mìíràn tí ń kó àrùn yìí wà ní New Forest, ní Exmoor, ní àwọn òkè Scotland, àní ní Richmond Park tí àgbọ̀nrín ti ń jẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin ti Kánádà, ó wà ní gúúsù Ontario àti ní Nova Scotia.

Ọmọ eégbọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò ní àrùn yìí lára. Ara eku igbó ni ó ti sábà máa ń rí i nígbà tí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àgbọ̀nrín ni eégbọn àgbà ń gùn kiri, òun ni ó sì ń gbé e dé ẹ̀yìnkùlé wa. Eégbọn kì í fò, kì í sì í ta. Orí koríko ni í dúró sí, tí yóò na ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jáde, tí yóò máa retí ẹni tí ń kọjá. Bí ó bá bu ọmọ jẹ, kì í dun ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun ìtùnú kan wà níbẹ̀: ó sábà máa ń so mọ́ ara ju wákàtí 24 lọ kí kòkòrò àrùn Lyme tó kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ìdí nìyí tí yíyẹ ara ọmọ wò ní alaalẹ́ fi lágbára ju bí a ti rò lọ. Eégbọn tí a bá rí ní alẹ́ ọjọ́ tí ó so mọ́ ara kì í sábà ráyè ṣe ibi.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá ju ẹlòmíràn lọ. Bí àrùn náà bá ti wọ ara, àmì kan a máa yọ ní ojú ibi tí eégbọn ti buni jẹ, láàrin ọjọ́ 3 sí 30. Àwòrán tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń hàn wá ni àmì pupa rokoṣo lára ọmọ aláwọ̀ funfun, tí ó ní òbìrìkìtì nínú òbìrìkìtì. Bí ẹ bá ń retí pupa yẹn lára ọmọ yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí i láé. Lára wa, àmì náà lè dúdú ju ara tí ó yí i ká lọ, ó lè ní àwọ̀ àlùkò, ó lè dà bí ojú ibi tí ọmọ ti ṣubú tí ẹ̀jẹ̀ sì sun sí abẹ́ awọ. Ó lè gbóná díẹ̀ bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kì í sábà yún ọmọ, kì í sì í sábà dùn ún. Ohun tí a ó fi mọ̀ ọ́n jù ni pé ó ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Wúwú kékeré tí ó bá yọ ní ọjọ́ kìíní tí kò sì fẹ̀ mọ́, ojú ìbunijẹ lásán ni. Nítorí náà, ẹ fi báírò fa ìlà yí àmì náà ká, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí ó bá kọjá ìlà ní ọjọ́ kejì, ẹ gbéra. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn mìíràn wà tí àmì yìí kì í yọ lára wọn rárá.

Ìwádìí ti fi hàn pé ní Amẹ́ríkà, a máa ń pẹ́ kí a tó mọ àrùn yìí lára àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ó bá ti dé oríkèé tàbí iṣan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ẹbí tí mo ń ṣe ti fi ojú mi rí i. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan wà tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kí n lọ wo bí nǹkan ti rí nílé wọn, nítorí pé ó ń pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ, kò sì fẹ́ sáré mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ rò pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni, nítorí pé ó ti pa ẹnìkan nínú ẹbí wọn, ẹ̀rù sì ń bà á láti béèrè. Orúnkún ọ̀tún ọmọ náà wú bí àgbálùmọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà kan béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: ṣé ọmọ yìí wọ inú igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ó ti lọ sí àgọ́ àwọn ọmọdé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé àrùn Lyme ni. Oògùn apakòkòrò ọjọ́ 28 ni wọ́n fún un, orúnkún náà sì fà. Ṣùgbọ́n ẹ ro oṣù tí ó fi ń tiro, àti orúkọ ọ̀lẹ tí wọ́n fi pè é láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àmì mìíràn tí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wa ni kí ojú ọmọ ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá pe ilé, ẹnìkan lè sọ pé ayé ni ó ta á lọ́fà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ máa gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bákan náà ni ibà. Bí ara ọmọ bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ẹ má lọ tú àpótí wá oògùn ibà tí ẹ kó bọ̀ láti ilé. Bí ọmọ bá ti Nàìjíríà dé láìpẹ́, ẹ sọ fún dókítà ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé ibà ẹ̀fọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti wọ inú koríko, ẹ sọ ìyẹn pẹ̀lú.

Kí ni kí a wá ṣe? Kí ọmọ tó lọ sínú igbó, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn fún un, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ lè fín oògùn permethrin sí aṣọ àti bàtà, kí ó gbẹ kí ó tó wọ̀ ọ́. Aṣọ nìkan ni, kì í ṣe ara. Oògùn DEET ni a lè fi pa ara, bí ìwé tí ó wà lára rẹ̀ bá ti wí. Bí ọmọ bá padà dé, ẹ kó aṣọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ń fi ooru gbẹ aṣọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó fọ̀ ọ́, nítorí pé ooru gbígbẹ ni ó ń pa eégbọn. Kí ọmọ wẹ̀ láàrin wákàtí méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ pè é sí abẹ́ iná. Ẹ wo ẹ̀yìn etí, abíyá, ìdodo, ìbàdí, ibi tí itan ti pàdé ara, àti ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ojú, nítorí pé lára dúdú, eégbọn kékeré lè jọ àmì ìbí. Ọwọ́ a máa mọ ohun tí ojú fò. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n di irun, ẹ fi sùúrù wo ojú ìlà irun wọn láti ìpàkọ́ dé iwájú.

Bí ẹ bá rí eégbọn, ẹ má fi iná jó o, ẹ má sì fi karosíìnì tàbí òrí pa á gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ajá. Ẹ mú ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹ fi di orí rẹ̀ mú bí ó ti súnmọ́ awọ ara tó, kí ẹ sì fà á sókè gbọọrọ láìlọ́ ọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi eégbọn náà pamọ́ sínú ike kékeré. Bí ó bá ti pẹ́ lára, ẹ pe dókítà láàrin wákàtí 72, nítorí pé ó lè rí i pé ó tọ́ kí ọmọ lo oògùn doxycycline ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti dènà àrùn náà.

Ní iwájú dókítà, ẹ má tijú. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ ibi tí ọmọ lọ àti ọjọ́ tí ó lọ, ẹ fi fọ́tò hàn, kí ẹ sì béèrè ní tààrà pé, "Ṣé kì í ṣe àrùn Lyme?" Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọn kò sì rí nǹkan kan, ìyẹn nìkan kò tú ọmọ sílẹ̀, nítorí pé ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ tó fi àmì hàn. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn ọ̀sẹ̀ méjì péré lè tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ kò ní ìwé adójútòfò, ẹ má torí rẹ̀ jókòó sílé: àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ lé aláìsàn padà nítorí àìlówó.

Mo mọ àwọn òbí tí wọn yóò ka èyí tán, tí wọn yóò sì ní ọmọ àwọn kò tún ní jáde mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú oko àti igbó ni àwọn baba wa ti kọ́ ọgbọ́n, ọmọ tí a sé mọ́ iwájú tẹlifíṣọ̀n náà ní àìsàn tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ẹgbẹ́ wọn lọ sí àgọ́, kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù dé etí igbó. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti inú oṣù kẹrin títí di ìgbà tí yìnyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí Èdùmàrè bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí àwa náà sì máa ṣí ojú wa láti wò wọ́n.