Láti Ìgbókọ̀dá dé Ayétòrò: Ẹ́ńjìnnì wo ló tó ọkọ̀ apẹja?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Ìlàjẹ ṣe ń jẹun, kó lọ dúró sí èbúté Ìgbókọ̀dá láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò ní jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń sọ. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sáwọn abúlé etí òkun láti ibẹ̀, Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947 wà lára wọn, omi ló kù tẹ́ ẹ máa gbà.

Ọ̀rọ̀ tí kì í tán láàárín àwọn apẹja ni pé ṣé ẹ́ńjìnnì 15 ni kéèyàn rà ni, àbí 40. Nọ́ńbà yẹn ni họ́ọ̀sì-páwà ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á ní fọ́tì làwọn fẹ́. Ta ló fẹ́ kí ẹgbẹ́ òun máa kọjá òun lójú omi?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọkọ̀ pákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 25, tó ru àwọ̀n, yìnyín àtèèyàn, tó bá ti ń sáré tó bíi kìlómítà 12 ní wákàtí kan, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mú. Agbára tẹ́ ẹ bá tún fi kún un, ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa fi dá, ìdí ọkọ̀ á sì máa rì. Fọ́tì tó ń lo epo pẹ̀lú ọ́ìlì máa ń wọ̀n tó kílò 70, ìlọ́po méjì 15 ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa, ó lè mu nǹkan bíi lítà 18 ní wákàtí kan. 15 ò ní fi bẹ́ẹ̀ ju 8 lọ. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà di nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹja ẹlòmíì ò san owó epo ẹ̀ mọ́.

Ṣé kí gbogbo èèyàn wá lọ ra 15 ni? Rárá o! Inú ọ̀sà àti ojú òkun kì í ṣe ẹgbẹ́. Ibi tẹ́mìí ti ń bọ́ ni ibi tí ìgbì ti ń fọ́ létí òkun, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń darí bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ẹja. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró sẹ́yìn ìgbì kan, kó má jẹ́ kí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá òun. Ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára tó ṣẹ́kù, ìgbì á bá a, á dà á nù. Ní Ayétòrò gan-an, òkun tó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Lójú tèmi, ọkọ̀ fífúyẹ́ tí èèyàn méjì ń wà nítòsí etíkun, 15 tó o. Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, tó ń ru èèyàn márùn-ún pẹ̀lú àwọ̀n ńlá, ẹ má fi du 40. Àwọn tó wà láàárín, ẹ wo 25. Ẹ kọ́kọ́ bi káfíńtà tó kan ọkọ̀ náà bóyá pákó ìdí ẹ̀ lè gbé e, torí ọkọ̀ tiwa kì í ní ìwé tó máa sọ fún yín.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e kọ́, ẹ kó ẹrù tẹ́ ẹ máa ń rù sínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dópin. Bó bá ń kérora tí kò lè yí dáadáa, ẹ ní kí mẹkáníìkì wo abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi. Ó lè jẹ́ òun ló tóbi jù. Owó abẹ̀bẹ̀ ò sì tó owó ẹ́ńjìnnì.