Ọ́ìlì Tí Mi Ò Pààrọ̀

Ìwé kékeré kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ṣe ìṣirò. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí ọ̀kadà wa ni mò ń kọ sínú rẹ̀: ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tí mo fa ṣéènì le, ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn jò. Lójú ewé kan níbẹ̀, mo kọ ọ́ pé mo pààrọ̀ ọ́ìlì ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Irọ́ ni. Mi ò pààrọ̀ ọ́ìlì kankan lọ́jọ́ náà.

Tíṣà ni mí. Ọbáńtókò ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, abúlé kan tó kọjá Ọ̀dẹ́dá sì ni ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Owó kọpuréétìfù ni mo yá fi ra ọ̀kadà náà. Láàárọ̀, èmi ni mò ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, àbúrò mi á gbà á, á fi kó èrò láti Aṣéró lọ sí Àdátán, lọ sí Ṣapọ́n, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ Sátidé, tirẹ̀ ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èkó ló ti ń gun ọ̀kadà tẹ́lẹ̀, ní Sùúrùlérè. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Sùúrùlérè wà nínú wọn, ló bá palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà wá sílé.

Ó mọ ọ̀kadà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ín, èmi ni mo sì ka ìwé tó bá a wá, nítorí náà mo kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Kó gùn ún, kó fọ̀ ọ́, kó mú owó wálé. Ìtọ́jú, tèmi ni. Kò jiyàn. Ó ní, “Ó dáa, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa rí ìwé yẹn ní Sátidé-Sátidé.”

Kí ẹni tí kò ní ọ̀kadà rí lè mọ ìwọ̀n ohun tí mo ṣe, ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe nínú rẹ̀. Mọ́tò ní omi àti radiétọ̀ tó ń tù ú lára. Irú ọ̀kadà tiwa kò ní. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sára irin ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń sáré, àti ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì yìí ló ń gba ooru lára rẹ̀, ọ́ìlì ọ̀hún kò sì ju bíi lítà kan lọ. Lítà kan yẹn ló ń mú kí písítìnnì máa lọ kó máa bọ̀ láìha ara ògiri ihò rẹ̀. Inú rẹ̀ náà ni jíà ń wẹ̀, inú rẹ̀ náà ni àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì wà. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì mọ́tò kò fi bá a mu: wọ́n máa ń po ohun tó ń mú irin yọ̀ gan-an mọ́ òmíràn nínú wọn, kílọ́ọ̀ṣì á wá máa yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọ̀kadà ò ní sáré tó bó ṣe ń ké. Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó tọ́, kó wá JASO MA lára ike rẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi rí nígbà tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ooru.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí n máa fi kìlómítà kà á, ṣùgbọ́n wáyà mítà ti já, mi ò sì tún un ṣe. Ọjọ́ ni mò ń kà dípò rẹ̀. Títí di ìgbà tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, mi ò yẹ ọjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n epo tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 lítà kan di ohun tó ju ₦500 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ gòkè, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn láti Aṣéró dé Àdátán, owó tí àbúrò mi ń mú wálé sì já wálẹ̀. Nínú owó yẹn ni a ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi. Mo wò ó, mo ní kí ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó di oṣù kan.

Ní oṣù Kẹjọ, mo ṣe ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ra ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù, èyí tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, tí wọ́n fi aṣọ sẹ́, tí wọ́n rọ sínú ike omi. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó ọ́ìlì tuntun. Mo gbé ike náà sókè sí oòrùn, mo rí i pé kò ní pàǹtí, mo sì sọ fún ara mi pé aṣọ ti kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ tán. Èyí tí ojú rí nìkan ni aṣọ ń kó. Eruku irin tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ ṣì wà nínú rẹ̀, àti eérú iná, àti bẹntiróòlù tó ti jò wọ inú rẹ̀ tó sì mú kó ṣàn bí omi. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn nílé iṣẹ́ kó lè fara da ooru ti gbó dànù. Bí ẹni ń da iyanrìn kíkúnná sínú ẹ́ńjìnnì ni.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó dé ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ́ńjìnnì yìí ń dún o. Ìró yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.”

Mo jáde, mo tẹ̀ ẹ́ ta, mo tẹ́tí sí i. Mo ní, “Tápẹ́ẹ̀tì ni.”

Ó ní, “Kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì. Ẹ gùn ún gun òkè, ẹ ó gbọ́.”

Òun ló jàre, ó sì yẹ kí n sọ ìyàtọ̀ wọn níbí, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ etí ikún sí òtítọ́. Tápẹ́ẹ̀tì tó bá tú máa ń dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè orí ẹ́ńjìnnì, kẹ́kẹ́kẹ́, bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Á máa dún bí ọ̀kadà bá tiẹ̀ dúró lójú kan. Ṣùgbọ́n bí rọ́ọ̀dù tó so písítìnnì mọ́ kíráńkì bá ti ń jẹ, ìsàlẹ̀ ni ìró rẹ̀ ti ń wá, ó nípọn, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn láti inú yàrá tó jìn. Tí ọ̀kadà bá ru ẹrù tàbí tó bá ń gun òkè ló ń le sí i. Mo ní kí mẹkáníìkì kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà bá wa wo tápẹ́ẹ̀tì. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní kò tú. Mo ní kó ṣáà fún un díẹ̀ sí i.

Èéfín náà tún wà. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Èéfín dúdú láti inú sàláńsà, epo ló pọ̀ jù nínú iná, tàbí kí fílítà afẹ́fẹ́ dọ̀tí. Funfun díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ooru omi lásán ni, kò pẹ́ tí á fi lọ. Èyí tí tiwa ń yọ dà bí àwọ̀ aró tó ti ṣá, tí aṣọ àdìrẹ máa ń ní bó bá ti gbó. Ọ́ìlì ló ń jó nìyẹn. Ọ́ìlì tó bá ń jó sì ń dín kù lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé 9 oṣù Kẹsàn-án, kí àbúrò mi tó jí, mo gbé ọ̀kadà dúró sórí sítáǹdì àárín níbi tó tẹ́jú, mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á. Orí rẹ̀ nìkan ló kan ọ́ìlì, ó sì dúdú bí ọ̀dà. Ó yẹ kí n gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́ lójú ẹsẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo da kọ́ńdẹ́mù tó ṣẹ́kù sínú ike lé e lórí. Ìgbà náà ni mo rántí pé àbúrò mi máa béèrè ìwé. Mo mú bírò, mo kọ ọjọ́ náà, mo kọ “ọ́ìlì tuntun” síwájú rẹ̀. Ó jí, ó wo ìwé náà, ó ní, “Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá mi. Ọkàn mi balẹ̀ báyìí.” Ó sì gbé ọ̀kadà jáde.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà, ọjọ́ Tọ́sìdé, ó gbé obìnrin kan tó ra tòmátì lọ́jà, wọ́n ń gun òkè bọ̀ sọ́nà Àdátán. Ẹ́ńjìnnì dì. Irin fúyẹ́ ni písítìnnì, ooru máa ń mú kó wú ju irin dúdú tó yí i ká lọ. Bí ọ́ìlì kò bá sí láàárín wọn, á wú títí á fi há, kò sì ní lè mì mọ́. Táyà ẹ̀yìn dúró gbọin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun fa kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Orúnkún obìnrin náà bó, tòmátì rẹ̀ fọ́n sójú títì. Àbúrò mi fi èjìká balẹ̀. Eegun ọrùn èjìká rẹ̀ ti apá òsì ṣẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, lójú Màámi, mo ní eré àsápajúdé ló ń sá. Mo ní bó ṣe ń fi jíà gíga gun òkè nìyẹn láti Èkó. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò sáré. Mo sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì yẹn ń dún.” Mo bá dìde, mo lọ mú ìwé wá, mo ṣí i, mo fi ìka sórí ìlà náà. “Ọjọ́ méjìlá rèé tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì. Kí ló wá ń dún?” Màámi kò mọ ìwé kà. Wọ́n wo ibi tí ìka mi wà, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Wọ́n kọjú sí i, wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n ẹ ń yáwó kọ́lé fún wa, ìwọ ń wó o. Bẹ̀ ẹ́.” Apá rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dọ̀bálẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ni àbúrò mi ti bẹ̀ mí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ti òsì mọ́ àyà. Mo ní kó dìde, mo ti dárí jì í.

Nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ohun tó jáde kò tó ìdajì lítà, ó sì ń dán yẹ́ríyẹ́rí bí ẹni da eruku fàdákà sí i. Ara písítìnnì ni ìdán yẹn. Ó fi àtàǹpàkò yọ́ ọ wò láàárín ìka, ó gbóòórùn rẹ̀. Ògiri ihò ti ha gbàràgbàrà. Ó di òkè rọ́ọ̀dù mú, ó mì í, ó ń mì lórí kíráńkì. Ó ní kí n múra láti gbẹ́ ihò fẹ̀ sí i, kí n ra písítìnnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ àti ríìngì rẹ̀, rọ́ọ̀dù tuntun, bẹ́ríǹgì méjì, àti gásíkẹ́ẹ̀tì gbogbo. Ó wá wò mí. Ó ní, “Tíṣà, ọ́ìlì yìí kì í ṣe ti ọjọ́ méjìlá. Kì í tiẹ̀ ṣe ti ọ̀kadà.” Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀, àbúrò mi wà ní ilé ẹni tó ń to eegun. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà bá wa ṣe é.” Kò sọ ohunkóhun mọ́.

Gbogbo owó tí a ná lé e ju owó oṣù mi kan lọ, àbúrò mi ló sì san án. Nígbà tí eegun rẹ̀ jinná, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, kò mú kọ́bọ̀ nínú ìpín tirẹ̀. Ó rọra gun ẹ́ńjìnnì tuntun náà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà àkọ́kọ́, kò fún un níná jù, kò gbé èrò méjì, ó ń dúró kó tutù, kí ríìngì lè jókòó dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló ra wáyà mítà. Bó bá kó owó lé mi lọ́wọ́ lálẹ́, á ní, “Ẹ kà á, bọ̀ọ̀dá mi,” èmi á sì kà á.

Mo sọ òótọ́ fún un ní oṣù tó kọjá. Mo gbé gbogbo owó náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Kò fọwọ́ kan owó. Ó ṣí ìwé sí ojú ewé náà, ó wo ìlà yẹn, ó pa á dé. Ó ní òun ò bínú owó, òun ò tiẹ̀ bínú eegun mọ́. Ó ní, “Ìwájú Màámi ni ẹ ti fi ìwé yìí hàn, bọ̀ọ̀dá mi.”

Mo ti kọ ọ́ báyìí, bó ṣe rí gan-an. Nítorí pé Màámi kò mọ ìwé kà, èmi ni màá kà á fún wọn, lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi ní òun máa wà níbẹ̀.