Iléyá Tí A Ṣe Lórí Fóònù

Ẹni tó bá rò pé olówó tó ń ṣe fàájì nìkan ni òtẹ́ẹ̀lì wà fún, kò tíì bá wa ṣe Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Yàrá mẹ́rin péré ni ilé bàbá wa ní. Bí ọmọ, ìyàwó ọmọ, ọkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá dé tán, pálọ̀ pàápàá kì í gba ẹsẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe náà ni àwa ń ṣe: a ó jẹun nílé, a ó lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, ń jó lọ síwájú Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wọlé, ó ṣòro kéèyàn tó rí yàrá nílùú.

Àrùn Kòrónà ló da gbogbo rẹ̀ rú. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Níbi tí kálukú wà ló ti ṣọdún Àjíǹde àti ìtúnu ààwẹ̀. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje kí ìjọba tó ṣí ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù náà. A ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí a gbọ́ pé kò ní sí Ojúde Ọba. Ìyá wa sì pè: "Ẹ jókòó síbẹ̀ o. Bí mo bá ti ń gbọ́ ohùn yín, ó tó mi."

Wọ́n jàre. Àwọn àgbàlagbà ni àrùn náà ń pa jù. Ta ni yóò fẹ́ gbé e wọ yàrá ìyá rẹ̀? A gbé fóònù ka orí tábìlì, wọ́n ń ṣàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já gẹ́lẹ́ tó kan àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Tirẹ̀ tún burú sí i. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìjọba Bírítéènì dín àǹfààní tí wọ́n ti fún àwọn ẹbí láti pàdé lásìkò Kérésì kù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹbí kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹbí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wíwálé wa ń bọ́ ńkọ́? Nígbà tí mo délé níkẹyìn, mo yà sí òtẹ́ẹ̀lì wa. Ṣéènì ló wà lára géètì, koríko ti hù níbi tí à ń gbé mọ́tò sí. Gáádì ní àṣẹ ti dé pé kí wọ́n ṣí, àlejò ni kò dé. Ọ̀gá kò sì lè ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹni méjì. Ẹni tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti kó lọ sí Ṣàgámù. Obìnrin tó ń se ìkọ́kọrẹ́ fún wa wà lórí títì, ó ń dín àkàrà. Owó tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ń rí lásìkò ọdún ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Obìnrin náà ní ìrànwọ́ tí wọ́n ń kéde lórí rédíò kò dé ọ̀dọ̀ àwọn rí, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí dòní.

Lọ́dún 2022, Ojúde Ọba padà, ilé tún kún. Òtẹ́ẹ̀lì mìíràn la sùn sí, nítorí tiwa kò ṣí mọ́. Mo bi aláàkàrà bóyá kò ní wáṣẹ́ ìdáná síbòmíràn. Ó yí àkàrà inú epo padà.

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi lèyí. Bí wọ́n bá tún ti ìlú pa, iwájú ilé mi ni màá ti máa dín in."